Fífi Ojú Jọ àti Fífi Ìṣe Jọ: Èdè-Ìperí fún Àfìṣejọ àti Eré Akọ́ni nínú Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Ọ̀nà ìkọ́ni kan wà lóde òní tí èdè Yorùbá kò tíì ní orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ fún. Ọ̀nà náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun gan-an tí ó ń kọ́. A ó gbé ohun mìíràn tí ń ṣe bí ohun náà sí iwájú rẹ̀, yóò máa fi í dánra wò, yóò máa ṣe àṣìṣe níbẹ̀ láìsí ewu, títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́ náà. Awakọ̀ òfuurufú ń fò láìkúrò nílẹ̀; nọ́ọ̀sì ń tẹ àyà ọmọlangidi kí ó tó kan àyà aláìsàn; ọmọ ilé-ìwé ń so wáyà mọ́ bátìrì lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní ohun-èlò kankan. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní simulation. Bí a bá sì fi òfin, àmì-ayò àti ìdíje kún un kí ó lè di eré tí ń kọ́ni, wọ́n a máa pè é ní serious game.

Láti ìgbà tí a ti ilé-ìwé pa káàkiri Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun àjèjì sí olùkọ́ mọ́. Bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì ń gbilẹ̀, dandan ni kí olùtúmọ̀ àti olùkọ́ tí ń fi Yorùbá kọ́ni bá àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pàdé. Kò sí ìdí tí a ó fi sọ pé ẹrù náà wúwo ju èdè wa lọ. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, sì ti la irú ọ̀nà yìí fún wa nípa ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ohun tí ó kù ni kí á tẹ̀ síwájú lórí ọ̀nà tí wọ́n là.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé orúkọ tí a bá fún àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò ní ipa lórí bí a ó ṣe lò wọ́n. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ‘eré’ lásán, òbí àti olùkọ́ yóò fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó lè ṣe ọmọ wọn láǹfààní. Bí orúkọ náà kò bá sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé ohun tí ó wà níwájú òun kì í ṣe ohun gan-an, ó lè mú àṣà tí kò tọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Àṣìṣe kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i ní ìpín keje.

2. Bí ohun ìṣeré ṣe di ohun ìkọ́ni

Ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ kí á tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní ìlú Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edwin Link. Baba rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù. Irú dùùrù tí atẹ́gùn ń mú dún ni à ń wí, tí ó ní ẹwìrì nínú bí ti alágbẹ̀dẹ. Link fi irú ẹwìrì bẹ́ẹ̀ gbé àpótí kan dúró, ó ṣe ìyẹ́ kúkúrú sí i lára, ó sì fi ìjókòó àti ọ̀pá ìdarí sínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ bá ti ọ̀pá náà, atẹ́gùn yóò wọ inú ẹwìrì kan, yóò sì jáde kúrò nínú òmíràn. Àpótí náà yóò wá dà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó gbé imú sókè gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ òfuurufú ti ń ṣe. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1929.

Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á, tí àwọn ènìyàn ń sanwó níbẹ̀ kí wọ́n lè gùn ún ṣeré. Ní ọdún 1934 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lójú òfuurufú fún àwọn ọmọ-ogun. Ojú ọjọ́ kò dára, àwọn awakọ̀ náà kò sì mọ bí a ti ń fi àwọn aago inú ọkọ̀ nìkan mọ ọ̀nà nígbà tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run. Púpọ̀ nínú wọn kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link. Wọn a máa pa ìdérí rẹ̀ dé mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí kí ó má baà rí ìta, kí ó lè kọ́ láti gba ohun tí àwọn aago náà ń sọ gbọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀rọ yìí ni a fi kọ́ àwọn awakọ̀. Bí eré bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ ìlera. Ní ìlú Stavanger ní orílẹ̀-èdè Norway, Asmund Laerdal, ẹni tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe ọmọlangidi kan tí a ń pè ní Resusci Anne jáde ní ọdún 1960. A ṣe é kí a lè fi kọ́ni bí a ti ń fẹ́ èémí sínú ẹni tí kò mí mọ́. A sì fi sípíríǹgì sí i láyà kí a lè fi kọ́ni bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú ìtàn wọ̀nyí. Èkíní ni pé ohun kan náà lè jẹ́ eré ní ibì kan, kí ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ní ibòmíràn. Ohun tí a fẹ́ fi í ṣe ni ó ń pín in níyà, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Èkejì ni pé àpótí Link kò fi ojú jọ ọkọ̀ òfuurufú dáadáa. Ìyẹ́ rẹ̀ kò lè gbé adìyẹ kúrò nílẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ́ni, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ọ̀pá, ohun tí ó tẹ̀lé e jọ ohun tí ì bá tẹ̀lé e lójú ọ̀run. Bákan náà ni ti ọmọlangidi: ojú rẹ̀ jọ ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí àyà rẹ̀ ti ń wọlé tí ó sì ń padà sókè lábẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ wà.

Àwọn Yorùbá kò ṣàìmọ irú ọgbọ́n yìí. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo fi ń dáfá ní awẹ́ mẹ́jọ, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Ọmọ-awo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Ifá lè fi ègé igbá ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ègé igbá kò fi ojú jọ awẹ́ èso ọ̀pẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni wọ́n, ojú méjì-méjì ni wọ́n sì ní. Nítorí náà, bí a bá jù wọ́n sílẹ̀, ọ̀nà 256 ni wọ́n lè gbà balẹ̀, iye kan náà tí Odù Ifá jẹ́. Ohun tí ọmọ-awo nílò láti kọ́ bí a ti ń mọ ojú Odù wà nínú igbá náà láìkù síbì kan.

3. Àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ohun mẹ́ta ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. (a) Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. (b) Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ mìíràn ti gbà. (d) A gbọ́dọ̀ lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn láti ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yóò fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo àwọn ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ lè kọ́kọ́ rántí, a ó rí i pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ní àbùkù. ‘Àwòrán’ àti ‘ẹ̀dà’ ń sọ nípa ìrísí. Wọn kò sọ pé ohun náà ń ṣiṣẹ́. ‘Ìdánrawò’ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni ó dárúkọ, kì í ṣe ohun tí ó fi ń ṣe é. Iṣẹ́ àṣetiléwá inú ìwé ìṣirò pàápàá ìdánrawò ni. ‘Ayédèrú’ burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Owó ayédèrú ni owó tí a ṣe kí a lè fi rẹ́ni jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí a fẹ́ fi ọmọlangidi ìkọ́ṣẹ́ rẹ́ jẹ.

‘Àfarawé’ ni ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù nínú àwọn tí ó wà nílẹ̀, a sì mọ̀ pé àwọn olùtúmọ̀ kan fẹ́ràn rẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ènìyàn ni ó sábà máa ń fara wé ẹlòmíràn. Ọmọdé ń fara wé àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fara wé olùkọ́. Bí a bá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àfarawé kọ́ iṣẹ́, ohun tí ènìyàn yóò gbọ́ ni pé ó ń wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń ṣe bí ó ti ń ṣe. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni. Nínú ohun tí à ń sọ yìí, ẹ̀rọ tàbí ètò ni ó ń ṣe bí ohun gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ kò fara wé ẹnikẹ́ni. A dábàá pé kí á fi àfarawé sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti ń gbé ipò ẹlòmíràn wọ̀, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan bá ṣe aláìsàn kí èkejì lè kọ́ bí a ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

4. Àfìṣejọ

Èdè wa ti ṣe ìpínyà tí à ń wá yìí tipẹ́tipẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ, a lè sọ pé: ‘Ó fi ojú jọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìṣe jọ baba rẹ̀.’ Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò mọ̀ pé ìjọra méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à ń wí: ọ̀kan wà fún ojú láti rí, èkejì kò hàn àfi bí ọmọ náà bá ń ṣe nǹkan. Láti ara ‘fi ìṣe jọ’ ni a ti ṣẹ̀dá àfìṣejọ, láti ara ‘fi ojú jọ’ ni a sì ti ṣẹ̀dá àfojújọ. Ìṣẹ̀dá náà kò ṣàjèjì. Irú rẹ̀ ni ó fún wa ní àfojúsùn láti ara ‘fi ojú sùn’, àti àfọwọ́kọ láti ara ‘fi ọwọ́ kọ’.

Àfìṣejọ, nígbà náà, ni ohun tí a ṣe kí ìṣe rẹ̀ lè jọ ìṣe ohun mìíràn, kí a lè fi í kọ́ni tàbí kí a fi í ṣe ìwádìí. Ẹ̀rọ tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àfìṣejọ. Ìfìṣejọ ni ìwọ̀n bí ìṣe rẹ̀ ti sún mọ́ ìṣe ohun gan-an tó. Ìfojújọ ni ìwọ̀n bí ìrísí rẹ̀ ti sún mọ́ ọn tó. A lè wá sọ ní gbólóhùn kan pé ìfìṣejọ ẹ̀rọ Link pọ̀ ju ìfojújọ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ra ohun-èlò tàbí tí ó fẹ́ yan èyí tí yóò lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílò gbólóhùn yìí, nítorí pé àwòrán tí ó dán tí ó sì lẹ́wà lè bo ẹ̀rọ tí ìṣe rẹ̀ kò jọ ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí á ya àfìṣejọ kúrò lára àwòṣe, èyí tí a fẹ́ kí ó dúró fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní model. Àwòṣe ni òfin tàbí ìlànà tí a wo ohun gan-an kí a tó gbé kalẹ̀. Òfin Ohm, fún àpẹẹrẹ, sọ pé bí a bá fi ìdènà pín agbára bátìrì, ìṣàn iná ni a ó rí. Bí bátìrì bá jẹ́ fóòtì 9, tí ìdènà sì jẹ́ óòmù 3, ìṣàn náà yóò jẹ́ áńpíà 3. Bí òfin yìí bá wà lórí ìwé, àwòṣe ni. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ń lo òfin náà tí gílóòbù fi ń mọ́lẹ̀ sí i tàbí tí ó ń ṣókùnkùn bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dín ìdènà kù tàbí tí ó ń fi kún un, àfìṣejọ ni. Láìsí àwòṣe, kò lè sí irú àfìṣejọ bẹ́ẹ̀. Bí àwòṣe bá sì ní àṣìṣe nínú, àfìṣejọ yóò gbé àṣìṣe náà kọ́ni.

5. Eré akọ́ni

Ọ̀rọ̀ kejì ni serious game. Ọdún 1970 ni Clark Abt, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe orúkọ ìwé rẹ̀, ó sì ti gbilẹ̀ láti ìgbà náà. Pàkúté wà níbẹ̀ fún olùtúmọ̀. Bí ó bá tú u ní ‘eré gidi’, ó ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà pátápátá, nítorí pé eré gidi ni eré tí kò ní ohun mìíràn nínú ju eré lọ. ‘Eré pàtàkì’ kò sàn jù ú lọ. Ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá pẹ̀lú jẹ́ eré pàtàkì.

Ọ̀nà tí Yorùbá fi ń pín eré níyà ni pé kí ó dárúkọ ohun tí eré náà wà fún tàbí ohun tí ó ní nínú: eré ìdárayá, eré onítàn, eré ìje. Nítorí náà a dábàá eré akọ́ni, eré tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ni. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò yẹ ní òṣèré, nítorí pé ẹni tí ń ṣe eré orí ìtàgé ni a mọ̀ sí òṣèré. Olùkópa ni kí á máa pè é.

Àfìṣejọ àti eré kì í ṣe ohun kan náà. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Ó ní òfin, ó ní ẹni tí ń jẹ àti ẹni tí a ń jẹ, ṣùgbọ́n a kò ta á kí ìṣe rẹ̀ lè jọ ìṣe ohun mìíràn kan ní pàtó. Eré ni, kì í ṣe àfìṣejọ. Ẹ̀rọ Link kò ní ìdíje nínú. Àfìṣejọ ni, kì í ṣe eré mọ́ nígbà tí ó dé ọwọ́ ọmọ-ogun. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù tí a mọ̀ ni eré ìpín-ọtí tí àwọn olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, tí Jay Forrester jẹ́ aṣíwájú wọn, gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Olùkópa mẹ́rin ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kan. Èkíní ń ta bíà ní ṣọ́ọ̀bù, èkejì ń tà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kẹta ń pín in fún àwọn oníṣòwò ńlá, ẹ̀kẹrin ni ó ni ilé-iṣẹ́ tí ń pọn ọn. Wọn kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìwé tí a kọ iye páálí sí nìkan ni ó ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ọjà tí ènìyàn bá sì bèèrè kì í dé àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ọjà bá pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò san owó ìtọ́jú. Ẹni tí ọjà bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ yóò san ìlọ́po méjì rẹ̀ lórí páálí tí ó jẹ oníbàárà ní gbèsè.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, páálí 4 ni àwọn oníbàárà ń rà. Lẹ́yìn náà ó di 8, ó sì dúró lórí 8 títí eré fi parí. Ìyípadà kan ṣoṣo yìí tó láti da gbogbo nǹkan rú. Oníṣọ́ọ̀bù rí i pé ọjà ń tán, ó bèèrè púpọ̀. Ọjà kò tètè dé, ó tún bèèrè sí i. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí ìbéèrè ńlá, ó fi kún un. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ apọntí, ìbéèrè náà ti wú kọjá ààlà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjà tí gbogbo wọn ti bèèrè yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìkẹ́rù yóò kún, ẹnikẹ́ni kò sì ní bèèrè ohunkóhun mọ́.

6. Àpérò ẹ̀yìn-eré

Bí eré yìí bá parí tí a sì ní kí olùkópa máa lọ sílé, ohun tí wọn yóò mú lọ ni pé àwọn oníbàárà ń yí ọkàn padà bí ẹ̀fúùfù, tàbí pé ẹni tí ó jókòó ti wọn kò mọ iṣẹ́. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ni yóò kó wọn jọ, tí yóò ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya àwòrán bí ó ti rò pé oníbàárà ń rà á, tí yóò sì wá fi hàn wọ́n pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọjà yí padà. Ìgbà náà ni wọn yóò rí i pé bí a ti to iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìdádúró àti àìgbọ́rọ̀ ara ẹni, ni ó dá rúkèrúdò náà sílẹ̀.

Ìjíròrò yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní debriefing. A pè é ní àpérò ẹ̀yìn-eré. A fẹ́ kí ó ní orúkọ tirẹ̀ nítorí pé ohun tí kò bá ní orúkọ ni olùkọ́ máa ń fò dá. Ewu náà pọ̀ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè dá ṣe eré náà parí nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ àpérò náà sínú ètò, kí ó dá àkókò fún un, kí ó má sì ka ẹ̀kọ́ sí èyí tí ó parí kí a tó ṣe é.

7. Jíjọ kì í ṣe jíjẹ́

Ìdí mìíràn tí a fi yan àfìṣejọ ni pé ‘jọ’ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó jọ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú American Airlines tí nọ́ńbà ìrìn-àjò rẹ̀ jẹ́ 587 já lulẹ̀ ní Queens ní ìlú New York, kété lẹ́yìn tí ó gbéra. Ènìyàn 260 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, 5 sì kú nílẹ̀. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ parí ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 2004. Ó rí i pé nígbà tí ọkọ̀ náà wọ inú atẹ́gùn rúdurùdu tí ọkọ̀ kan tí ó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀, igbákejì awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ohun ìdarí ìrù ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú agbára ju bí ó ti yẹ lọ, títí tí ìrù náà fi ya kúrò lára ọkọ̀.

Àjọ náà sọ pé bí a ti ṣe ohun ìdarí ọkọ̀ náà wà lára ohun tí ó fa ìjàǹbá yìí, àti pé apá kan nínú ẹ̀kọ́ tí a kọ́ àwọn awakọ̀ náà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ẹ̀rọ àfìṣejọ tí a fi kọ́ wọn, a ti ṣètò kí ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ gidigidi bí ó bá bá irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ pàdé, kí ó má sì tètè dá awakọ̀ lóhùn. Àjọ náà rí i pé èyí lè ti mú kí awakọ̀ náà gbà pé agbára atẹ́gùn náà pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Ìfojújọ ẹ̀rọ náà kò kù síbì kan. Ìfìṣejọ rẹ̀ ni ó kùnà ní ibi kan ṣoṣo.

Nítorí náà a dábàá ọ̀rọ̀ kan sí i: ààlà àfìṣejọ, èyíinì ni ibi tí ìjọra náà parí sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé àfìṣejọ fún akẹ́kọ̀ọ́ láìsọ ààlà rẹ̀ fún un. Ọmọlangidi kì í bì, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í sì í ké ní ẹnu ọ̀nà. Iná orí kọ̀ǹpútà kì í gbé ènìyàn.

8. Lílò rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2002, Carl Wieman, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2001, dá iṣẹ́ kan tí a ń pè ní PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Boulder. Ọ̀fẹ́ ni àwọn àfìṣejọ rẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, a sì lè gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kí a lè lò wọ́n níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dé. Nínú ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ a máa so bátìrì, wáyà àti gílóòbù pọ̀, yóò sì rí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bí wọ́n ti ń rìn nínú wáyà. Ní ọdún 2005, Noah Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n lo àfìṣejọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n lo ohun-èlò gan-an lọ nínú ìbéèrè nípa èrò tí ó wà nídìí ẹ̀kọ́ náà, àti nígbà tí a ní kí wọ́n fi ohun-èlò gan-an so iná, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀.

Èyí kò ta ko ohun tí a sọ ní ìpín keje. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú rí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú wáyà. Àfìṣejọ náà ti ìfojújọ sẹ́yìn kí ìṣe tí ó pamọ́ lè hàn síta. Síbẹ̀ olùkọ́ tí ó bá gbọ́n yóò tẹ̀lé ìlànà yìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó fi èsì wé èrò rẹ̀, kí a wá ṣe àpérò, kí a sì sọ ààlà àfìṣejọ náà. Bí bátìrì kan àti gílóòbù kan bá wà ní ilé-ìwé, kí a fi wọ́n parí ẹ̀kọ́.

Fún olùtúmọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń ṣìnà. Bọ́tìnì tí a kọ play sí kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣeré, ‘bẹ̀rẹ̀’ ni. Run kì í ṣe ‘sáré’. ‘Mú un ṣiṣẹ́’ ni. Reset ni ‘dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀’. Level ni ‘ìpele’, score sì ni ‘àmì-ayò’. Bí a bá tú ìwọ̀nyí láìwo iṣẹ́ tí bọ́tìnì ń ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè lóye.

9. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àfìṣejọ: ohun tí a ṣe kí ìṣe rẹ̀ lè jọ ìṣe ohun mìíràn, fún ẹ̀kọ́ tàbí ìwádìí.
Àfojújọ: ohun tí ìrísí rẹ̀ jọ ìrísí ohun mìíràn.
Ẹ̀rọ àfìṣejọ: ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ àfìṣejọ.
Ìfìṣejọ, ìfojújọ: ìwọ̀n ìjọra ní ti ìṣe, àti ní ti ìrísí.
Àwòṣe: òfin tàbí ìlànà tí àfìṣejọ ń tẹ̀lé.
Ààlà àfìṣejọ: ibi tí ìjọra àfìṣejọ àti ohun gan-an parí sí.
Àfarawé: ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti ń gbé ipò ẹlòmíràn wọ̀.
Eré akọ́ni: eré olófin tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ni.
Olùkópa: ẹni tí ó wà nínú eré akọ́ni.
Àpérò ẹ̀yìn-eré: ìjíròrò tí a fi ń yọ ẹ̀kọ́ jáde lẹ́yìn eré tàbí àfìṣejọ.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìpínyà tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, èyíinì ni ìpínyà láàárín ìjọra ojú àti ìjọra ìṣe, ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́. Ohun tí a ṣe kò ju pé kí á mú un wọ inú èdè-ìperí lọ. A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni òpin. Olùkọ́ tí ó bá lò wọ́n nínú kíláàsì ni yóò mọ èyí tí ó bá ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ mu àti èyí tí ó yẹ kí á tún ṣe. A bẹ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ pé bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, kí ó kọ ọ́ jáde, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní ohun tí wọn yóò fi ṣe òṣùwọ̀n.